Chicago ń kó yìnyín kúrò lọ́nà mọ́tò, ta ni yóò kó o kúrò lọ́nà ìyá àgbà?

Bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, àwọn ìyá tí ọmọ wọn fẹ́ bímọ lókè òkun á ti máa kó èlùbọ́, gààrí àti ẹja gbígbẹ sínú báàgì. Ẹni tó ń lọ sí London á fi súwẹ́tà méjì lé e, á ní ó ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ń gbé ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, kó má fi ti London díwọ̀n tirẹ̀ o. Àwọn ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀ dáadáa, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń wa takisí, tí wọ́n sì ń kàwé níbẹ̀. Etí adágún ńlá Michigan ni ìlú náà wà, atẹ́gùn tó ń ti orí omi yẹn fẹ́ wá kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa rárá. Lọ́jọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 2019, òtútù ibẹ̀ lọ sí dìgírì 31 nísàlẹ̀ òdo, ní ìwọ̀n Celsius. Fíríìsà tí àwọn oníṣòwò wa fi ń dáàbò bo ẹja, bíi dìgírì 18 nísàlẹ̀ òdo ló máa ń wà. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ ènìyàn nínú ohun tó tutù ju fíríìsà lọ.

Ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń bi mí ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ìjọba tiwọn ńkọ́? Ṣé wọn kì í kó yìnyín náà ni?" Wọ́n ń kó o, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kó. Àmọ́ ibì kan wà tí ọwọ́ ìjọba kì í sábà dé, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn àgbà ti ń ṣubú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, kí ẹni tó ń rìnrìn-àjò mọ ohun tó lè gbára lé àti èyí tí kò lè gbára lé.

Ìgbà oòrùn ni wọ́n ti ń múra

Iléeṣẹ́ ìjọba ìlú tó ń bójú tó òpópónà àti ìmọ́tótó, Streets and Sanitation lorúkọ rẹ̀, ló ni iṣẹ́ yìí. Àwọn náà ló ń kó pàǹtírí, tí wọ́n ń gé ẹ̀ka igi, tí wọ́n sì ń pa eku ìgboro. Wọ́n ní ọkọ̀ akóyìnyín tó lé ní 300, ọkọ̀ ńlá tó ní irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú tó ń ti yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ń fọ́n iyọ̀ sílẹ̀ látẹ̀yìn. Bí yìnyín bá pọ̀ ju agbára wọn lọ, wọ́n á so irú irin bẹ́ẹ̀ mọ́ iwájú àwọn mọ́tò akópàǹtírí, wọ́n á jọ máa ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n ń tọ́jú, bí a bá ka ipa tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí títì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ju 9,000 máìlì lọ.

Wọn kì í dúró dìgbà tí yìnyín bá ń já bọ́ kí wọ́n tó wá irinṣẹ́. Kí òtútù tó dé rárá ni àwọn mẹkáníìkì ti ń tú ọkọ̀ wọ̀nyí wò, tí wọ́n ń pààrọ̀ irin tó ti jẹ, tí àwọn awakọ̀ sì ń kọ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Iyọ̀ náà á ti máa wọlé. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, iyọ̀ tí wọ́n ń kó jọ káàkiri ìlú ju 200,000 tọ́ọ̀nù lọ. Tírélà sìmẹ́ǹtì tó gbé 600 àpò, 30 tọ́ọ̀nù ló gbé yẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó ju 6,000 tírélà lọ, iyọ̀ nìkan! Ẹni tó bá rántí omíyalé Ògùnpa n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, á mọ ìdí tí mo fi ń kan sáárá sí wọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kéèyàn gbẹ́ gọ́tà, kì í ṣe ìgbà tí òjò bá ti ṣú.

Kí wá ni iyọ̀ ń ṣe lójú títì? Omi lásán máa ń dì bí òtútù bá ti dé òdo. Bí iyọ̀ bá wọ inú rẹ̀, òtútù gbọ́dọ̀ mú ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè dì, ìdí nìyẹn tí yìnyín tí wọ́n bá fọ́n iyọ̀ sí fi ń yọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tó bá ti tó bíi dìgírì 9 nísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ní láti pò ó mọ́ oògùn mìíràn. Nítorí náà, tí ẹ bá rí iyọ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí òtútù mú gan-an, ẹ má rò pé ibẹ̀ ti kúrò ní yíyọ̀.

Iyọ̀ yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ o. Ó ń gbẹ awọ ẹsẹ̀, ó ń ta egbò, ó sì máa ń bá bàtà wọ inú ilé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo bàtà máa dúró sẹ́nu ọ̀nà, pàápàá nílé tí ọmọ tó ń rákò wà, torí ohun tó bá wà nílẹ̀ ni ọmọ náà ń kó sẹ́nu. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, kó sì fi ìpara kùn ún, àmọ́ kó má fi sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, òpópónà ńláńlá ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó, títí kan èyí tó lọ létí adágún. Nígbà tí ìyẹn bá mọ́ tán ni wọ́n tó wọ àdúgbò. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní òpópónà kékeré lè dúró títí kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Òfin tún wà pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò sí àwọn òpópónà kan tó gùn tó 107 máìlì, láago mẹ́ta òru sí aago méje àárọ̀, yálà yìnyín já bọ́ tàbí kò já bọ́. Wọ́n á wọ́ mọ́tò náà lọ ni, owó tí wọ́n sì máa gbà lọ́wọ́ olówó ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò níbi tó ń gbé mọ́tò sí á lọ gbé àga ìdáná tó ti gbó síbẹ̀, á ní òun ti gba àyè. Òfin kò fọwọ́ sí i, bí ọjọ́ bá sì ti pẹ́ díẹ̀ ìjọba á wá kó gbogbo àga náà dànù, síbẹ̀ ẹni tó bá sún àga alága lè bá ìjà pàdé. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ bá bá ọmọ yín wa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àga jókòó síbi tó wà.

Yìnyín tó gba àga lọ́wọ́ olórí ìlú

Àwọn ará Chicago kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní oṣù kìíní ọdún 1967, yìnyín tó ga tó ínǹṣì 23 já bọ́ láàárín ọjọ́ 26 sí ọjọ́ 27, títí dòní kò tíì sí èyí tó pọ̀ tó o nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Ọdún 1979 ni èyí tó dá wàhálà sílẹ̀. Yìnyín ńlá já bọ́ lọ́jọ́ 13 àti 14 oṣù kìíní, ó bá òmíràn nílẹ̀, ìjọba kò sì rí i kó. Pàǹtírí kún ìta, mọ́tò kò lọ. Èyí tó wá dun àwọn aláwọ̀ dúdú jù ni pé ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn ibùdókọ̀ tó wà ládùúgbò wọn, ó ń sáré kọjá lọ gbé àwọn tó wà níwájú, wọ́n sì dúró sínú òtútù. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat dé ní òpin oṣù kejì, Jane Byrne ló fẹ̀yìn Michael Bilandic, olórí ìlú, balẹ̀, obìnrin náà ló sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ìlú Chicago. Láti ìgbà náà, kò sí olórí ìlú níbẹ̀ tó ń gbọ́ "yìnyín ń bọ̀" tí ń sùn.

Síbẹ̀, lóru ọjọ́ kìíní mọ́jú ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2011, ìjì yìnyín tún ká nǹkan bíi 900 mọ́tò mọ́ orí títì tó lọ létí adágún. Àwọn mìíràn jókòó sínú mọ́tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn kò lè lọ síwájú, wọn kò lè padà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni ohun tí ìjọba ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣí àyè sára ògiri tó pín títì náà sí méjì, kí mọ́tò lè yí padà bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n gbé àwòrán ìlú kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ará ìlú fi lè rí ibi tí ọkọ̀ akóyìnyín kọ̀ọ̀kan wà. Láìpẹ́ yìí wọ́n tún ń jẹ́ kí ará ìlú máa dìbò sọ àwọn ọkọ̀ náà lórúkọ. Jean Baptiste Point DuSable, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kà sí ẹni tó tẹ ìlú náà dó, lorúkọ rẹ̀ wà lára títì etí adágún yẹn láti ọdún 2021. Ní ọdún 2023 wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, wọ́n sọ ọkọ̀ kan ní Jean Baptiste Point du Shovel, ìyẹn ni pé ṣọ́bìrì ti di orúkọ ìdílé baba náà.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́?

Gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí, ti mọ́tò ni. Ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òfin Chicago ní onílé tàbí ẹni tó ń gbé inú ilé náà ni kó kó yìnyín iwájú ilé rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ la ọ̀nà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, kí kẹ̀kẹ́ arọ àti kẹ̀kẹ́ ọmọ lè gbà á kọjá. Yìnyín tó bá já bọ́ ní ọ̀sán, kó ti kó o tán kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́. Èyí tó bá já bọ́ lóru, kó ti kúrò nílẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Owó ìtanràn wà fún ẹni tí kò bá kó o.

Ó dáa lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ilé àkọ́kọ́ kó tirẹ̀ mọ́ fínífíní. Ilé kejì kò ní èèyàn nínú. Onílé kẹta ti dàgbà, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ilé kẹrin, àwọn ayálégbé ń wojú lándíọ̀dù, lándíọ̀dù ń wojú wọn. Ìyá àgbà tó ń gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára á rìn dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á bá ara rẹ̀ lórí ohun tó dà bíi gíláàsì tí wọ́n da òróró sí. Nígbà tó bá sì dé ìkóríta, òkìtì yìnyín tí ọkọ̀ ìjọba tì kúrò lójú títì ló máa bá níbẹ̀, tó dí ibi tó yẹ kó gbà sọdá. Ohun tí wọ́n fi tún ọ̀nà mọ́tò ṣe ló fi ba tẹlẹ́sẹ̀ jẹ́.

Ọwọ́ tí àwọn àgbà nà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣubú ló máa ń dá lọ́rùn ọwọ́. Egungun ìbàdí ló burú jù. Ẹni tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún tí ìbàdí rẹ̀ bá dá, iṣẹ́ abẹ ló máa ń gbà, àwọn mìíràn kì í sì rìn bí wọ́n ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ wá rántí pé ẹni tó bá físà ìbẹ̀wò lọ kò sí lábẹ́ ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn arúgbó tiwọn. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín ra ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò fún yín kí ẹ tó wọ bàálù. Èyí ṣe pàtàkì ju aṣọ ìkómọ lọ, bí ẹ bá bi mí.

Ariwo ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Chicago. Àwọn aláàbọ̀ ara àtàwọn tí kò ní mọ́tò ló ṣáájú, wọ́n ní kí ìjọba máa kó yìnyín ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bó ṣe ń kó ti mọ́tò. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé àwọn èèyàn kalẹ̀ tí yóò gbèrò bí wọ́n ṣe lè kọ́kọ́ dán an wò ládùúgbò mélòó kan. Owó àti òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń ṣiyèméjì ń tọ́ka sí. Èmi ò rí i bí ohun tí kò ṣeé ṣe. Ní Toronto àti Montreal ní Kánádà, ìjọba ń fi ẹ̀rọ kéékèèké kó o. Rochester náà, ní ìpínlẹ̀ New York, ń ṣe é, ìlú tí yìnyín rẹ̀ pọ̀ ju ti Chicago lọ ni.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn ọmọ wa níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Wọ́ọ̀dù 50 ni Chicago pín sí, káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ní owó tó ń yàn lọ́dọọdún fún títì, iná àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àdúgbò rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù 49, ìyẹn àdúgbò Rogers Park tí àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ sí, láti ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn olùgbé fúnra wọn dìbò lórí ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kòtò á ti kún ojú títì, torí omi tó wọ inú ihò kékeré máa ń wú nígbà tó bá dì, bí ìgò omi tó bẹ́ nínú fíríìsà, á sì fọ́ ọ̀dà náà. Ìgbà tí wọ́n bá ń da ọ̀dà tuntun sí àwọn òpópónà ńlá ni wọ́n tún máa ń ṣe àwọn ìkóríta kí wọ́n lè dagun wálẹ̀ jẹ́jẹ́ fún kẹ̀kẹ́ arọ. Ìgbà yẹn ló yẹ kí ọmọ yín kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀ nípa ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti ya, kì í ṣe oṣù kìíní tí gbogbo ọwọ́ ti kún.

Bí ẹ bá dé ọ̀hún

Bàtà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí ọmọ yín rà, kó sì jẹ́ ọ̀hún ni wọ́n ti rà á. Bàtà onírọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀gbun bíi táyà tuntun ni mo ní lọ́kàn, èyí tí wọ́n ń tà ní bọ̀sìkọ̀nà kò lè dúró lórí yìnyín. Ìró tó ń wọ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún inú ilé. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kéékèèké, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò aṣọ, kí ẹ sì di irin àtẹ̀gùn mú. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í sùn dáadáa àfi kí ìyá àgbà pọ̀n ọ́n, ẹ pọ̀n ọ́n nínú ilé. Ẹni tó bá yọ̀ lórí yìnyín máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀, ọmọ ló sì wà lẹ́yìn yẹn.

Tí ẹnì kan bá ṣubú tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ má fipá gbé e dìde. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ pe 911. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì fi orí gbálẹ̀, hospital ló ń lọ, bó tilẹ̀ ní ara òun le.

Ẹ̀yin bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ fún ọmọ. Òtútù ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, iṣẹ́ líle tí èèyàn ń fi apá ṣe á tún dá kún un. Ọkàn tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lè dá dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí ọmọ nílé, Chicago ní àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń bá àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara kó yìnyín, nọ́ńbà 311 ni wọ́n ń pè láti béèrè.

Inú ilé náà ní òfin tirẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, lándíọ̀dù tó ni híítà ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé móoru tó dìgírì 20 lọ́sàn-án, kó má sì wálẹ̀ ju nǹkan bíi 19 lọ lóru. Bí kò bá ṣe é, 311 kan náà ni kí ayálégbé pè, kó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń sọ ibi tí ìjọba ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá ibi tó móoru lọ́jọ́ tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ òdo. Ẹ má tan ààrò gáàsì kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa yá iná rẹ̀. Èéfín olóró tí jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde, tó ń pa odidi ìdílé sójú oorun nílẹ̀ wa, òun kan náà ló ń jáde níbẹ̀, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Láti ọdún 2007 ni òfin ìpínlẹ̀ Illinois ti ní kí ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bó bá gbọ́ èéfín yìí wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 15 sí gbogbo yàrá tí èèyàn ń sùn. Lálẹ́ tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ tó tú báàgì, ẹ ní kí ọmọ yín tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń ké.